Nígbà Tí Ẹ̀rọ Gáàsì CO2 Bá Yọnu Lára Táǹkì Ẹja Òkun

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń sin ẹja ní Abuja àti Òkè Ọya

Bí ẹja inú táǹkì yín bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi, tí iyùn alààyè sì ti ká ara rẹ̀ jọ, ẹ má tíì ka ìwé yìí. Ẹ lọ yí orí sílíńdà CO2 sápá ọ̀tún títí tí kò fi ní yí mọ́. Ẹ yọ wáyà riákítọ̀ kálísíọ̀mù nínú iná. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ kọjú pọ́ǹpù inú táǹkì sókè kí ojú omi máa ru, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Àlàyé lè dúró.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Iyùn alààyè máa ń fa kálísíọ̀mù nínú omi láti fi kọ́ egungun ara rẹ̀. Nínú òkun, kálísíọ̀mù kì í tán. Ní Gwarinpa, ẹni tó ni táǹkì ló gbọ́dọ̀ máa dá a padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo riákítọ̀: a kó wóróró òkúta iyùn tó ti kú sínú ike kan, a ń tú CO2 (gáàsì tí à ń mí síta) sí i díẹ̀díẹ̀, omi inú ike náà á kan, pH rẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó: bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń kan sí i) á wà ní nǹkan bíi 6.5 sí 6.7, òkúta á máa yọ́, omi tó ti gba kálísíọ̀mù á sì máa kán sínú táǹkì. Bẹ́ẹ̀ ni pH omi táǹkì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 7.8 sí 8.4. Omi kíkan àti omi tí kò gbọdọ̀ kan jọ ń gbé inú ilé kan náà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ yìí fi ń yọnu, wọn kò sì dọ́gba rárá. Bí gáàsì bá tán, tàbí tí ihò rẹ̀ dí, kò sí ìpayà: kálísíọ̀mù á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì ní ọjọ́ mélòó kan láti wá nǹkan ṣe. Àpọ̀jù ló ń pa ẹja, wákàtí díẹ̀ sì tó fún un. Ẹja ní láti tú CO2 inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú omi. Bí omi bá ti kún fún un, kò ní rí ibi tú u sí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà á kan, kò sì ní lè gbé ọ́síjìn dáadáa mọ́. Nítorí náà ọ́síjìn lè pọ̀ nínú omi kí ẹja ṣì máa kú.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Lára régúlétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ ẹnu sílíńdà tó ń dín agbára gáàsì kù, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní sólénọ́ìdì. Iná ló ń ṣí i. Bí NEPA bá mú iná lọ, ó yẹ kó pa ọ̀nà gáàsì fúnra rẹ̀. Ó yẹ ni mo wí. Bí iyọ̀ tàbí ìdọ̀tí bá ti há sí i lẹ́nu, ó lè ṣí sílẹ̀ gbayawu láìsí iná. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní in rárá, nítorí pé régúlétọ̀ tí kò ní in kò wọ́n. Nílé irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí iná bá lọ ní alẹ́, pọ́ǹpù á dúró ṣùgbọ́n gáàsì kò ní dúró. Omi inú riákítọ̀ á kan gan-an títí ilẹ̀ á fi mọ́, tí iná bá wá dé, gbogbo omi kíkan yẹn á ya wọ inú táǹkì. Àárọ̀ kùtù sì ni pH táǹkì máa ń lọ sílẹ̀ jù tẹ́lẹ̀, nítorí ewédò inú omi kì í mu CO2 lóru.

Ìmọ̀ràn wa: ẹ so sólénọ́ìdì àti pọ́ǹpù riákítọ̀ mọ́ ojú iná kan náà, ojú iná NEPA, pẹ̀lú sítébílásà. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti pọ́ǹpù tó ń ru omi táǹkì ni kí ẹ so mọ́ ínfátà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é ní òdìkejì, tí wọ́n á fi ínfátà gbé gáàsì kí iyùn má bàa pàdánù. Iyùn kò ní kú nítorí ìdajì ọjọ́ láìsí gáàsì.

Ooru

CO2 inú sílíńdà wà gẹ́gẹ́ bí omi, tí gáàsì rẹ̀ wà lókè. Nínú yàrá tó tutù, bí nǹkan bíi 21°C, géèjì á máa fi nǹkan bíi 830 psi (ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń tì) hàn yálà gáàsì kún tàbí ó kù díẹ̀. Ìgbà tí omi inú rẹ̀ bá tán pátápátá ni géèjì á tó já. Nítorí náà géèjì kò lè sọ iye tó kù fún yín. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọn sílíńdà. Bí ooru bá kọjá 31°C, CO2 kò lè wà ní omi mọ́, géèjì á sì kọjá 1,000 psi. Ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ooru Abuja kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, ká má tíì sọ Sokoto tàbí Maiduguri. Ẹ má fi sílíńdà sínú bùùtù ọkọ̀ tàbí sí bákónì tí oòrùn ń pa.

Nígbà tí sílíńdà bá fẹ́ẹ́ tán, ọ̀pọ̀ régúlétọ̀ olówó pọ́ọ́kú máa ń tú gáàsì jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Bí géèjì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹ pa á, kí ẹ lọ rọ òmíràn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta sílíńdà panápaná fún yín dípò. Ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tó ń fa CO2 láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe gáàsì ló máa wọ régúlétọ̀ yín, omi tó tutù bíi yìnyín ni. Ìdí kan náà ni a kò fi ń dá sílíńdà dùbúlẹ̀. Ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri ní ìdúró, ẹ pààrọ̀ wáṣà ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rọ gáàsì, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ kan gbogbo oríkèé: ibi tó bá ń hó ló ń jò.

Àwọn tó ń sùn nínú ilé

Èyí ṣe pàtàkì ju ẹja lọ. CO2 kò ní òórùn, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ọmọ tó sùn lórí ẹní nínú pálọ̀ ló máa kọ́kọ́ mí i. Sílíńdà kílò 5 tó kún, bí ó bá tú tán, á di nǹkan bíi lítà 2,700 gáàsì. Yàrá mítà 4 sí mítà 3, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 3, kò gba ju lítà 36,000 afẹ́fẹ́ lọ. Ó ti ju ìdá 7 nínú 100 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìdá 4 ni a ti kà sí ewu ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí ẹ ń mí kíákíá, tí òòyì sì ń kọ́ yín nítòsí táǹkì, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde. Ẹ má kọ́kọ́ ki orí bọ kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ táǹkì láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. A kì í gbé sílíńdà sí yàrá ìbùsùn.

Títún omi ṣe

Kí ẹ tó bá ẹ̀rọ wí, ẹ dán an wò. Ẹ bu omi táǹkì sínú ife, ẹ wọn pH rẹ̀, ẹ gbé e síta, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i fún wákàtí kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí pH bá gòkè dáadáa, CO2 ló pọ̀ jù. Bí kò bá yí padà, ẹ wá ẹ̀sùn síbòmíràn. Nígbà ọyẹ́, tí a ń ti fèrèsé nítorí eruku, èémí ènìyàn àti gáàsì ìdáná lásán tó láti mú pH wálẹ̀, kí riákítọ̀ má sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Afẹ́fẹ́ títun ni oògùn rẹ̀. Ẹ má da káún sí i, a kò mọ ohun mìíràn tó wà nínú rẹ̀. Baking soda náà kì í gbé pH sókè bí àwọn ènìyàn ti rò. Bí ẹ bá ní omi iyọ̀ òkun tí ẹ ti pò sílẹ̀, tí ooru àti iyọ̀ rẹ̀ bá ti táǹkì mu, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹja àrọ̀, ẹ má fi tiyín wé èyí: àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ lójú omi, ẹja òkun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó tún un tàn

Ẹ fi omi ìdánwò pH 4 àti 7 ṣàtúnṣe ọ̀pá tó ń wọn pH inú riákítọ̀; ọ̀pá tó bá ń purọ́ pé pH ga á jẹ́ kí gáàsì máa tú lọ láìdúró. Ẹ wo fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn: bí omi iyọ̀ bá ti dé inú régúlétọ̀, ẹ má tún un lò kí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ da omi kíkan inú riákítọ̀ nù, kí ẹ fi omi táǹkì rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n gáàsì tó kéré jù, ní òwúrọ̀ tí ẹ ó wà nílé, kì í ṣe ní alẹ́. Ẹni tí táǹkì rẹ̀ kéré, tí iyùn inú rẹ̀ kò pọ̀, a kò gbà á nímọ̀ràn pé kó tilẹ̀ ra ẹ̀rọ yìí: pípààrọ̀ omi déédéé àti kálísíọ̀mù olómi tí wọ́n ń tà fún iyùn tó o.