Wọ́n Tún RuneScape Àtijọ́ Ṣí: Ẹ Má Wọ̀ ọ́ Bí Mo Ṣe Wọ̀ ọ́

Nígbà tí mo wà ní girama ní Kàbà, kàfé kan wà nítòsí ọjà tí kọ̀ǹpútà mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Owó oúnjẹ ọ̀sán la fi ń ra wákàtí kan. Àwa méjì á jókòó lórí àga kan, ọ̀kan á di máọ̀sì mú, èkejì á máa pàṣẹ. Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ RuneScape là ń ṣe. Kò sí nǹkan kan láti dáùnlóòdù, inú bíráúsà ló ti ń ṣí. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú láàárín, a ó pariwo, àmọ́ ẹja tí a ti pa àti igi tí a ti gé ò sọnù. Wọ́n wà ní báńkì tó wà nínú géèmù náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Iná ti lọ ní Kàbà, síbẹ̀ ìlú kan wà níbì kan tó ń tọ́jú ẹrù mi.

Ilé iṣẹ́ Jagex ní Cambridge, ní Ìlú Ọba, ló ni géèmù náà, ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2001 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣí i. Nígbà tí 2007 ń parí lọ, wọ́n fẹ́ lé àwọn tó ń ta góòlù inú géèmù ní owó gidi. Ni wọ́n bá fòfin de kí ènìyàn máa bá ènìyàn jà ní aginjù tí wọ́n ń pè ní Wilderness, wọ́n sì dí ọ̀nà kí ọ̀rẹ́ máa ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ olùṣeré bínú kó ẹrù wọn. Wọ́n dá méjèèjì padà ní 2011, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2012 wọ́n tún yí ọ̀nà ìjà inú rẹ̀ padà pátápátá, ariwo tún ta. Oore tí Ọlọ́run ṣe fún wa ni pé ẹ̀dà géèmù náà ti oṣù kẹjọ 2007 ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí a dìbò, ìbò tó wọlé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 450,000. Ọjọ́ 22 oṣù kejì 2013 ni Old School RuneScape ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó dé orí fóònù ní òpin oṣù kẹwàá 2018, èmi náà wọlé padà, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn ènìyàn, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí màmá rẹ̀ àgbà.

Láti ìgbà náà, mo ti ṣe oríṣiríṣi àṣìṣe, mo sì ti rí i tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe é, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ìsánlú. Àwọn kan ò ju ẹ̀rín lọ. Àwọn kan dùn mí gan-an.

Àkáǹtì ìgbà yẹn ò ní bá ẹ wọlé

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn máa wá ẹni tó jẹ́ ní 2007. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń ronú kan pásíwọọ̀dù mi àtijọ́. Nígbà tí mo rántí rẹ̀, mo pe àbúrò mi pé kó wá wo jagunjagun. Mo ti ròyìn fún un nípa ihámọ́ra mi, idà mi, gbogbo ohun tí mo kó sí báńkì. A tẹ ibi ìwọlé. Ẹni tó yọ sí wa kò ní ju aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ, ipele 3, ó dúró ní erékùṣù tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ tuntun.

Àbúrò mi wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àbí àwọn olè ti dé ibẹ̀ ni?”

Kò sí olè. Géèmù méjì ló wà báyìí. Èyí tó ń jẹ́ RuneScape lásán ni èyí tó ń dàgbà bọ̀ láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni ẹrù àtijọ́ wà. Old School jẹ́ ayé ọ̀tọ̀, gbogbo ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti òdo, ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá ṣe ti tẹ́lẹ̀ pàápàá. Áàpù méjèèjì wà lórí fóònù, orúkọ wọn sì jọra. Mo mọ ẹni tó dáùnlóòdù èyí tí kò fẹ́, tó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, tó ń bú àwọn tó ṣe géèmù náà pé wọ́n ti bà á jẹ́. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa kí ẹ tó na dátà yín.

Ẹ má sì retí pé gbogbo nǹkan á wà bó ṣe wà. Láti 2013, ìbò ni wọ́n fi ń mú ohun tuntun wọlé: ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 70. Ọjà ńlá tó ń jẹ́ Grand Exchange kò sí nínú ẹ̀dà oṣù kẹjọ 2007 yẹn. 2015 ló wọ ti Old School. Ẹni tó bá fẹ́ máa dúró lẹ́nu ọ̀nà báńkì kó máa kígbe “mo ń ta èédú” lè máa kígbe. Èmi ò ní àkókò yẹn mọ́.

Ọbájànà kì í ṣe Kàbà

Ìkánjú ló ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò. Iṣẹ́ inú géèmù náà pọ̀: ẹja pípa, igi gígé, irin rírọ, oúnjẹ sísè àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò sanwó ní 15 láti kọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ títí dé ipele 99. Ẹni tuntun á rí i pé òun ti dé 70 láàárín ọjọ́ mélòó kan, á máa yọ̀ pé 99 ti súnmọ́lé. Ìṣirò rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Máàkì ìrírí tí 99 ń béèrè jẹ́ 13,034,431. Ipele 92 gan-an ni ìdajì rẹ̀. Ẹni tó dé 92 tó ń jó dà bí ẹni tó ti Lọ́kọ́ja bọ̀, tó rí Ọbájànà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀ pé òun ti dé Kàbà. Ẹni tó bá mọ bí àwọn tírélà ṣe máa ń tò lójú ọ̀nà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí ìkánjú yìí, àwọn kan lọ ń gbé áàpù tí á máa bá wọn tẹ ojú fóònù nígbà tí wọ́n bá ń sùn. Wọ́n á fòfin dè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ayé tí o wọ̀

“Ayé” ni wọ́n ń pe sáfà kọ̀ọ̀kan, àsíá orílẹ̀-èdè tí ó wà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn ọmọ wa máa ń tẹ èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lójú, wọ́n á já sí Australia, wọ́n á wá máa ṣẹ́ èpè fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti Nàìjíríà, wáyà tó gba abẹ́ òkun lọ sí Yúróòpù ló gbé ọ̀pọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì wa (òkun olómi iyọ̀ ni mò ń wí o, kì í ṣe àwa Yorùbá Kogi tí wọ́n ń pè ní ọmọ Okun). Ìlú Ọba tàbí Jámánì ni kí ẹ yàn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò lè gbé e. Ìṣẹ́jú àáyá 0.6 ni géèmù náà fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Ohunkóhun tí o bá tẹ̀ á dúró de èémí tó kàn. Ìdí nìyẹn tí ìdúró díẹ̀ lójú ọ̀nà kò fi ń pa wá lára tó bí ó ṣe ń ṣe nínú géèmù ìbọn. Dátà tó ń jẹ náà kò tó nǹkan tí o bá ti dáùnlóòdù rẹ̀ tán. Ohun tó yẹ kí o bẹ̀rù ni àwọn ayé tí wọ́n kọ PvP (kí ènìyàn máa bá ènìyàn jà) sí lára: níbẹ̀, ojú títì gan-an ni wọ́n ti lè pa ọ́.

Owó, àti àwọn tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ

Ọmọkùnrin kan wá láti Mopa wá tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó rí i lójú fóònù mi, a bá di ọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ kan ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. “Bùọ̀dá, mo ti rí góòlù rà. Náírà ni mo fi san, lórí WhatsApp.” Mo ní kó dá owó náà padà kíákíá. Ó ní ó ti pẹ́. Lóòótọ́, ẹni náà kò jẹ owó rẹ̀, góòlù dé. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ti àkáǹtì náà pa. Fífi owó gidi ra góòlù lọ́wọ́ ènìyàn lòdì sí òfin, ẹni tó tà àti ẹni tó rà ni wọ́n ń mú. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ yìí ti fi ń gé igi.

Ọ̀nà tó tọ́ wà, ó sì dára fún àwa tí káàdì náírà wa kì í fìgbà gbogbo rìn lókè òkun. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní bond. Ẹni tó ní dọ́là á fi owó gidi rà á lọ́wọ́ Jagex, á gbé e lọ sí Grand Exchange, ìwọ á fi góòlù tí o ṣiṣẹ́ fún rà á, á sì sọ ẹ́ di mẹ́ńbà, bíi ti àwọn tó ń sanwó, fún ọjọ́ 14. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni ti àkókò. Ọjọ́ 14 yẹn ń ka ara rẹ̀ yálà o wọlé tàbí o kò wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tẹ bond mi ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sílé pé ebè ti ń dúró dè wá. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wà lóko. Nígbà tí mo dé, ọjọ́ kan ló kù, ọwọ́ mi sì ti bó.

Ní ti gbájúẹ̀, ẹ jókòó kí n sọ fún yín, nítorí àwọn tó ń dúró ní Grand Exchange kò yàtọ̀ sí àwọn tó ń dúró ní gáréèjì. Ọ̀kan á ní òun ń sọ owó di ìlọ́po méjì. Á gba ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ rẹ, á dá ẹgbẹ̀rún méjì padà lóòótọ́. Nígbà tí o bá gbé gbogbo ohun tí o ní lé e lọ́wọ́, kò sí i mọ́. Òmíràn á ní òun lè fi ọ̀já wúrà sí etí ihámọ́ra rẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kí o ṣáà gbé e fún òun. Kò sí olùṣeré kankan tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Òmíràn á ní kí o tẹ̀ lé òun, òun fẹ́ fi ibi tí owó wà hàn ọ́, àríwá ni ẹ ó máa lọ, aginjù ló wà ní àríwá.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe pàṣípààrọ̀, ojú ewé méjì ni géèmù náà máa fi hàn ọ́ kí ó tó parí. Ọ̀pọ̀ máa ń tẹ “gbà” lẹ́ẹ̀mejì láìwò. Èkejì yẹn ni kí o kà bí ẹni ń ka ìwé ilẹ̀, torí ẹni yẹn lè ti yọ ohun kan tàbí kó ti fi òmíràn tó jọ ọ́ rọ́pò. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ímeèlì ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì rẹ pa àfi tí o bá tẹ líǹkì kan, pa á rẹ́.

Aginjù àti fóònù

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù, torí kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi.

Òkúta runite wà nínú Wilderness, lókè lọ́hùn-ún. Ipele 85 nínú iṣẹ́ òkúta wíwà (Mining) ló ń béèrè, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Bí o bá ṣe ń wọ inú aginjù sí i ni nọ́ńbà ń gòkè ní ẹ̀gbẹ́ ojú fóònù rẹ. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ni bí agbára ẹni tó lè kọlù ọ́ ṣe lè jìnnà sí tìrẹ tó. Tí ipele ìjà rẹ bá jẹ́ 60, tí o wà ní ipele aginjù 10, ẹni 50 sí 70 lè pa ọ́. Ní ipele aginjù 40, ẹni 20 sí 100. Tí o bá sì ti kọjá 20, ọ̀pọ̀ oògùn tí o fi ń pòórá kò ní ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ lo máa fi sá.

Mo mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀ mo wọ ihámọ́ra rune, èyí tí wọ́n fi runite rọ, láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú apata àti idà, bí ẹni ń lọ sí òde. Ohun tó yẹ kí ènìyàn gbé lọ ò ju ohun mẹ́ta tó níye lórí lọ, nítorí mẹ́ta ni yóò kù fún un tí wọ́n bá pa á, tí kì í bá ṣe òun ló kọ́kọ́ kọlu ẹlòmíràn. Ìyókù di ti apànìyàn. Mo ti wa òkúta méje. Mo ń tẹ ẹ̀kẹjọ nígbà tí mo rí ààmì funfun kan lórí àwòrán ilẹ̀. Ènìyàn ni.

Mo yí padà, mo ń sá lọ sí gúúsù. Ó sọ idán lù mí, ẹsẹ̀ mi lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo jẹ ẹja kan. Mo jẹ èkejì. Ẹsẹ̀ mi tú. Ni ojú fóònù bá yí padà, orúkọ màmá mi jáde.

Mi ò lè já ìpè màmá mi. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀.

“Okun o, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà.”

“Kí lo jẹ?”

“Ẹja, mà.”

Ó ní ẹja nìkan? Ó ní iyán wà ní Ìyàrà, pé kí n wá ní ọjọ́ Àìkú. Ó sọ ti òrùlé, ó sọ ti ẹ̀gúsí. Nígbà tí ìpè bá gba ojú fóònù, géèmù náà lè já, ṣùgbọ́n ara rẹ kì í kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ìjà bá ń lọ. Á dúró bí igi, ẹni tó ń lù ọ́ á máa lù. Nígbà tí mo padà wọlé, mo wà ní Lumbridge, ìlú tí ẹni tí wọ́n bá pa ti ń jí, ìhámọ́ra àyà, ti ẹsẹ̀ àti apata ló kù. Àṣíborí, idà, ohun ìwalẹ̀ mi àti òkúta méjèèje ti lọ.

Fóònù ní ibi tí ènìyàn lè tẹ̀ kí ìpè má wọlé. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ rí, torí bí màmá mi bá pè lẹ́ẹ̀mejì tí kò wọlé, á wọ ọkọ̀ bọ̀ ní Kàbà. Èyí tí mò ń ṣe báyìí ni pé kí n tó kọjá kòtò tó wà lẹ́nu aginjù, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pè é.