Bí ẹ ṣe lè mọ ìpolówó tó ń mú oníbàárà wá gan-an

Ẹni tó bá ń ta òfì n'Ílọrin mọ̀ pé owó ìpolówó ti kúrò ní kékeré: ẹ ó san ti Facebook, ẹ ó san ti rédíò, ẹ ó tún tẹ fláyà táwọn ọmọ á pín ní Táíwò Ìsàlẹ̀ àti Tanke. Ẹ wá bi ọlọ́jà pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló mú ẹni tó ra òfì ìgbéyàwó lánàá wá, á ní "WhatsApp". Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bà á jẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì máa pẹ́ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ mú sọ́fítíwià kan tẹ́ ẹ ó fi máa kọ àwọn oníbàárà sílẹ̀ (CRM ni wọ́n ń pè é). HubSpot ní tọ̀fẹ́, Zoho CRM náà ní tọ̀fẹ́ fún èèyàn 3. Ṣùgbọ́n Google Sheets, tábìlì Google orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ò lè kọ nǹkan sí Sheets lójoojúmọ́, kò sí sọ́fítíwià olówó ńlá tó máa bá a kọ ọ́. Ìwé orí káńtà ńkọ́? Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó jẹ yín ní gbèsè.

Kọ́lọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ nílò ò pọ̀: orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ tó kọ́kọ́ bèèrè, ibi tó ti gbọ́ nípa yín, ibi tọ́rọ̀ dé, ọjọ́ ìnáwó ẹ̀. Ẹ má fi kún un. Ibi tí wọ́n bá ti ṣe kọ́lọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ, kì í pẹ́ tọ́mọ ṣọ́ọ̀bù á fi máa kọ orúkọ nìkan.

Nọ́ńbà fóònù, +234 ni kí gbogbo ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, kí nọ́ńbà 10 tẹ̀lé e, ẹ yọ òdo iwájú kúrò. Nínú Sheets, ẹ sọ kọ́lọ́ọ̀mù yẹn di Plain text (ọ̀rọ̀ lásán) kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dá nọ́ńbà yín rú. Ẹ sì rántí pé ímeèlì ni HubSpot fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ló ń fún oní-òfì ní ímeèlì? Torí náà ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà náà kẹ́ ẹ tó kọ ẹni tuntun, kí Alhaja Tanke, Ìyá Tanke àti Mọ́mì Fatimah má lọ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ kọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó wá kan ibi tó ti gbọ́. WhatsApp kì í ṣe ibi tẹ́nikẹ́ni ti gbọ́, ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wọn gbà wọlé ni. Ẹni tó rí yín ní Facebook, WhatsApp ló máa bọ́ sí, ẹni tó gba fláyà, WhatsApp náà ni. Tẹ́ ẹ bá ń kọ "WhatsApp" sí gbogbo wọn, ẹ kúkú má kọ nǹkan kan.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí: línkì wa.me tó ní nọ́ńbà yín (ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á bọ́ sínú WhatsApp yín), ẹ fi ?text= sí ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó máa ti wà nínú mẹ́sééjì kí oníbàárà tó tẹ ohunkóhun (ibi tó bá yẹ kẹ́ ẹ fi àlàfo sí, %20 ni kẹ́ ẹ kọ). Ti Facebook á ní "Mo rí òfì yín ní Facebook", ti fláyà tẹ́ ẹ sọ di QR (àmì tí wọ́n ń na kámẹ́rà fóònù sí) á ní "Mo rí ìwé yín ní Táíwò". Àwọn kan máa pa á rẹ́ kí wọ́n tó kọ "how much", torí náà ẹ ṣì gbọ́dọ̀ bèèrè, kẹ́ ẹ sì bèèrè kẹ́ ẹ tó dá iye. Tí wọ́n bá ti gbọ́ iye tán, ọ̀pọ̀ ò ní fèsì mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ ti rí wa?" ti tó. Tó bá ní ọ̀rẹ́ òun ló júwe yín, ọ̀rẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má torí pé Facebook lẹ sanwó fún kẹ́ ẹ kọ Facebook.

Àwọn tó gbọ́ ní rédíò máa ń pè ni, wọn kì í tẹ línkì. Ẹ ra síìmù mìíràn, kẹ́ ẹ kì í bọ fóònù tọ́ọ̀ṣì, nọ́ńbà yẹn nìkan ni kí wọ́n máa kà lórí afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá pè é, rédíò ló ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ tẹ nọ́ńbà yẹn sára náílọ́ọ̀nù ṣọ́ọ̀bù o! Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é, gbogbo èèyàn wá di ará rédíò.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ tẹ orúkọ ibi tí oníbàárà ti gbọ́. Ẹnì kan á kọ FB, ẹlòmíì facebook, ẹlòmíì Fesibúùkù, sọ́fítíwià á kà wọ́n sí mẹ́ta. Dropdown ni kẹ́ ẹ ṣe, ìyẹn àwọn orúkọ tẹ́ ẹ ti tò sílẹ̀ kí wọ́n kàn mú ọ̀kan. Nínú HubSpot, ẹ ṣe property (kọ́lọ́ọ̀mù) tiyín, ẹ má gbára lé Original traffic source tó bá a wá, torí ẹni tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kọ wọlé, Offline sources ló máa kọ sí i. Àwọn èèyàn á rí i, wọ́n á ní nǹkan yìí ò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ò sọ fún un ni.

Tẹ́ ẹ bá sì ti kọ ọ́, kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹni tí rédíò mú wá ní Fẹ́búárì, tó bá padà wá láti Facebook ní Júnù, ti rédíò ni.

Ibi tọ́rọ̀ dé ò le: Bèèrè, Gbọ́ iye, San àsansílẹ̀, San tán, Kò rà.

Ní Jímọ̀, kẹ́ ẹ tó lọ kírun, ẹ ya àwọn oníbàárà sọ́tọ̀ níbi tí wọ́n ti gbọ́, kẹ́ ẹ pín owó ìpolówó ibì kọ̀ọ̀kan sí iye àwọn tó rà, kì í ṣe iye àwọn tó bèèrè. Ká ní ẹ ná ₦30,000 sí Facebook, èèyàn 60 bèèrè, 2 rà, ₦15,000 lẹ fi mú ẹnì kan. Ẹ ná ₦60,000 sí rédíò, èèyàn 12 péré ló pè, ṣùgbọ́n 6 rà, ₦10,000 nìyẹn. Ẹ má sì yára dájọ́, ẹni tó bèèrè òfì lónìí lè má ṣègbéyàwó títí oṣù márùn-ún, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ ìnáwó nìyẹn.

Ìparí oṣù, ẹ gba gbogbo ẹ̀ jáde ní CSV (fáìlì tábìlì lásán) kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, torí ọmọ tó ń dáhùn fóònù lè kúrò nígbàkigbà. Ẹ má fún oní-kéèkì tàbí oní-kánópì ní lísìtì yẹn, òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ẹni tó fún yín ní nọ́ńbà torí òfì ò sọ pé kí oní-kánópì pe òun.