Ọ̀nà Tí Ìpè Tẹlifóònù Ń Gbà ní Ìlú Ọba: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ọmọ Ìlọrin àti Gúúsù Kwara Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé ní Ìlú Ọba lónìí, yálà Ìlọrin ló ti wá ni o, tàbí Ọ̀ffà, tàbí Ọ̀mù-Àrán, yóò rí i pé kì í ṣe ara ògiri ni wọ́n ti ń fa tẹlifóònù ilé mọ́, bí kò ṣe ẹ̀yìn àpótí kékeré tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ráótà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka tẹlifóònù yìí sí, nítorí WhatsApp la fi ń kí àwọn ará ilé, fóònù alágbèéká la sì fi ń ṣe ìyókù. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ìpè bá gbà ló ń pinnu iye tí a ó san, òun ló ń pinnu bóyá ìpè yóò lọ nígbà tí iná bá lọ, òun náà ló sì ń pinnu bóyá àwọn tí a ké sí fún ìrànlọ́wọ́ yóò mọ ilé tí a wà. Mo gbà pé ó yẹ kí àlejò mọ ọ̀nà náà kí ó tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kankan.

Ti àtijọ́ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Okùn bàbà méjì ló máa ń ti inú ilé lọ sí ibùdó ìsopọ̀ tó wà ní àdúgbò. Ibùdó yìí ló ń fi iná bíi fólítì 48 ránṣẹ́ sórí okùn náà, bátìrì ńláńlá sì wà níbẹ̀ tó ń gbé iná ọ̀hún ró. Nítorí náà, tẹlifóònù àtijọ́ kò bá iná ilé da nǹkan pọ̀. Bí gbogbo àdúgbò bá tilẹ̀ ṣókùnkùn, ìpè ṣì ń lọ. Bí ẹ bá tẹ nọ́mbà, ibùdó náà yóò máa kà á láti iwájú: 020 jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù, 0121 jẹ́ ti Birmingham, 0161 jẹ́ ti Manchester, gẹ́gẹ́ bí 031 ṣe jẹ́ ti Ìlọrin ní ayé NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba Nàìjíríà àtijọ́.

Kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ yìí, ènìyàn ló ń fi ọwọ́ so okùn kan mọ́ òmíràn. Almon Strowger, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìsìnkú, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1891 lórí ẹ̀rọ tí ń so ìpè láìsí ènìyàn láàárín. Ó sì pẹ́ kí ìpè ọ̀nà jíjìn tó rí bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba: ní oṣù Kejìlá ọdún 1958, Ọbabìnrin Elizabeth wà ní Bristol, ó sì pe Edinburgh láìsí ẹni tó bá a so ó, èyí sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà.

Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù káàkiri ayé ti ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní SS7, nínú èyí tí ìsọfúnni nípa ìpè ń gba ọ̀nà tirẹ̀, tí ohùn sì ń gba ọ̀nà mìíràn. Kí ohùn tó rìn rárá, ibùdó kan á ti béèrè lọ́wọ́ èkejì bóyá nọ́mbà náà wà, bóyá ẹni náà ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àti ibi tí a ó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti gún, wọ́n á ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn á sì máa kọjá lórí rẹ̀ ní ìwọ̀n bíìtì 64,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Títí ẹnì kan yóò fi gbé fóònù sílẹ̀, ti àwọn méjèèjì ni ọ̀nà náà, bí wọ́n tilẹ̀ dákẹ́ tí wọn kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti gba ọkọ̀ dọ́rọ́ọ̀pù rí láti Gáréèjì Ọ̀ffà ní Ìlọrin lọ sí Ọ̀ffà yóò mọ ohun tí mò ń sọ: gbogbo àga inú ọkọ̀ ló sanwó fún, ì báà ṣe òun nìkan ló jókòó síbẹ̀. Ti íntánẹ́ẹ̀tì dà bí ìgbà tí a tú ẹrù kan sí kéékèèké, tí a kọ orúkọ ẹni tó ni ín sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń jù ú sínú ọkọ̀ yòówù tó bá kọ́kọ́ gbéra, tí wọn yóò wá tò ó padà ní Ọ̀ffà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń gé ohùn yín. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ègé ohùn bí 50 ló sábà máa ń jáde láti inú ráótà. Ègé tó bá pẹ́ jù lójú ọ̀nà kò wúlò mọ́ nígbà tó bá dé, nítorí ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Wọ́n á jù ú nù, ẹ̀yin á sì gbọ́ ohùn tó ń já. Níhìn-ín, ètò tí wọ́n ń pè ní SIP ló ń ṣe iṣẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn tí SS7 ń ṣe lórí ọ̀nà àtijọ́. Ní ẹnubodè tí ètò méjèèjì ti pàdé, ẹ̀rọ kan wà tí ń gba àwọn ègé ohùn, tí ń tò wọ́n bó ṣe yẹ, tí ń dà wọ́n sórí ọ̀nà àtijọ́, tí ó sì ń ṣe òdì-kejì rẹ̀ fún ohùn tó ń bọ̀ láti ọ̀hún.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ nọ́mbà tẹlifóònù. Ilé-iṣẹ́ yín ló ní ìwé àkọsílẹ̀ tó sọ pé nọ́mbà báyìí wà lára ráótà báyìí, ráótà náà ló sì ń fi ara rẹ̀ hàn fún wọn lóòrèkóòrè pé òun ṣì wà. Bí ẹ bá pa á, nọ́mbà yín kò ní ibi tí yóò dún sí. Nǹkan kan náà ló fà á tí nọ́mbà Manchester fi lè máa dún nínú ilé kan ní Ìlọrin: ilé-iṣẹ́ kò fi okùn wá a mọ́, àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi ń wá a.

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀ lé ìpè kan láti Leeds dé ọ̀dọ̀ ìyá wa ní Ọ̀mù-Àrán. 00 tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ló sọ pé ìpè ń jáde kúrò nílùú, 234 ló sọ pé Nàìjíríà ló ń lọ, òdo tó sì wà níwájú nọ́mbà ìyá, ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí 0803 di 803. Láti Amẹ́ríkà, 011 ni wọ́n ń tẹ̀ dípò 00. Láti Nàìjíríà, 009 ni. Ó sàn kí ẹ fi àmì + sí iwájú gbogbo nọ́mbà tí ẹ bá tọ́jú sínú fóònù, nítorí fóònù alágbèéká yóò yí i padà sí èyí tó yẹ níbikíbi tí ẹ bá wà.

Ilé-iṣẹ́ yín ní Leeds lè máà ní ọ̀nà tààrà dé Nàìjíríà, nítorí náà yóò fa ìpè náà lé oníṣòwò ìpè lọ́wọ́, èyíinì lè fà á lé òmíràn, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ìyá ń lò. Ilé-iṣẹ́ ìkẹyìn yìí ní owó tó gbọ́dọ̀ gbà fún ìrìn tó kẹ́yìn náà. Àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ló ń fi iye rẹ̀ lélẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n fi í sí dọ́là 0.045 fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ìpè gidi sí ilé kò fi lè jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ti WhatsApp kò sì gba nǹkan kan ju dátà lọ: inú íntánẹ́ẹ̀tì ni ti WhatsApp wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gba ẹnubodè yẹn kọjá.

Owó yìí náà ló ń fa ìwà ẹ̀tàn tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti rí láìmọ ohun tó jẹ́. Àwọn kan máa ń gbé ìpè láti òkèèrè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ Nàìjíríà, wọ́n á wá tì í sínú ẹ̀rọ tó kún fún síìmù ìbílẹ̀, kí ó lè jáde bí ìpè abẹ́lé. NCC kò fàyè gba èyí. Bí ìyá bá sọ fún yín pé nọ́mbà Nàìjíríà kan tí òun kò mọ̀ ló ń pe òun, tí òun kò sì gbé e, ẹ má bá a jà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìpè tiyín gan-an. Bí ó bá sì pe nọ́mbà náà padà, kò lè bá yín. Bí ẹ bá ti ń rí irú èyí léraléra, ẹ fi káàdì ìpè tàbí áàpù olówó pọ́ọ́kú tí ẹ fi ń pè é sílẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, ìyá kò ní gbé ìpè yẹn.

Ní ti tẹlifóònù orí okùn bàbà ní Ìlú Ọba, wọ́n ti ń tì í pa. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọn kò ti ta irú rẹ̀ fún oníbàárà tuntun mọ́. Ìparí ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún pípa gbogbo rẹ̀, wọ́n sì sún un sí ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2027, pàápàá nítorí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìkésíni kọ́ ọrùn, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni wọ́n ṣe fún okùn àtijọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ju bí wọ́n ṣe rò lọ: bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ tẹlifóònù ilé àgbà tí ẹ ń tọ́jú, ẹ bi ọ̀gá yín bóyá wọ́n ti dán ẹ̀rọ ọrùn náà wò láti ìgbà náà. Ẹ má ṣe rò pé ẹlòmíràn ti béèrè.

Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe ń lọ nílé. Ní Ìlú Ọba kì í lọ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìjì máa ń gé e, pàápàá ní ìgbèríko, bí iná bá sì lọ, ráótà kú, tẹlifóònù ilé kú pẹ̀lú rẹ̀. Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù níbẹ̀, pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ pèsè ohun tí àwọn tí kò ní ọ̀nà mìíràn yóò fi lè pe 999, nọ́mbà pàjáwìrì, fún ó kéré tán wákàtí kan nígbà tí iná bá lọ, láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Bí fóònù alágbèéká kò bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa nínú ilé yín, ẹ sọ fún wọn, kí ẹ sì béèrè bátìrì tí yóò máa gbé ráótà ró. Nọ́mbà 105 ni ẹ ó fi ròyìn iná tó lọ.

Nọ́mbà 999 ti wà láti ọdún 1937, 112 náà sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn yóò béèrè bóyá ọlọ́pàá, panápaná tàbí áńbúláǹsì lẹ ń fẹ́. WhatsApp kò lè pè é. Bí ó bá jẹ́ fóònù alágbèéká lẹ fi pè é, fóònù náà sábà máa ń fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ tẹlifóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀ ni wọn yóò rí. Ẹni tó kó kúrò nílé tó sì gbé nọ́mbà rẹ̀ dání láìsọ fún ilé-iṣẹ́ lè rán áńbúláǹsì sí ilé àtijọ́. Bí ìyá bá ti Ọjà Ọba wá bá yín tọ́jú ọmọ tuntun, tí ẹ sì ń fi òun àti ọmọ sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe 999, kí ẹ kọ àdírẹ́sì àti póòstì-kóòdù gàdàgbà sára ògiri, kí ó sì lè sọ pé Yorùbá ni èdè òun, kí wọ́n lè wá ògbufọ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ nítorí ewu, tó sì fi fóònù alágbèéká pè, lè tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kí ó tẹ̀ ẹ́.

Ní ti owó, 01, 02 àti 03 máa ń wà nínú ìṣẹ́jú tí ẹ ti san tẹ́lẹ̀. 0800 àti 0808 jẹ́ ọ̀fẹ́. 084 àti 087 ń gba owó méjì pọ̀, ti ilé-iṣẹ́ yín àti ti ẹni tí ẹ pè. 09 sì wọ́n gan-an. Ẹ ṣọ́ra fún 070, nítorí ó jọ nọ́mbà fóònù alágbèéká, kì í sì í ṣe é.

Nọ́mbà tó bá hàn lójú fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń pè lè kọ nọ́mbà tó bá wù ú síbẹ̀, ì báà jẹ́ ti báńkì, ì báà jẹ́ ti Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà. Ẹni tó bá fi orúkọ Home Office béèrè owó lórí fóònù nítorí físà yín, olè ni. Bí ó bá jẹ́ orúkọ báńkì ló fi pè, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ tẹ 159, yóò so yín pọ̀ mọ́ púpọ̀ nínú àwọn báńkì wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ yí ilé-iṣẹ́ padà kí nọ́mbà yín má sọnù, ti fóònù alágbèéká rọrùn: ẹ fi ọ̀rọ̀ náà PAC ránṣẹ́ sí 65075, kí ẹ sì kó kóòdù tí wọ́n bá fi dáhùn fún ilé-iṣẹ́ tuntun. Ti tẹlifóònù ilé ni kí ẹ má kánjú sí. Ẹ má ṣe fagi lé àdéhùn àtijọ́ fúnra yín. Ilé-iṣẹ́ tuntun ni kí ẹ jẹ́ kó gba nọ́mbà náà lọ́wọ́ wọn, nítorí nọ́mbà tó bá ti kú lè máà ṣeé gbà padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì gbé e wọlé, ẹ ní kí wọ́n ka àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀ fún 999 sí yín létí.