Ẹ má wo ìpele omi adágún nìkan o

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀lé odò Colorado ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ o. Ibi tí omi Lake Powell àti Lake Mead, adágún ńlá méjì tí dáàmù dá sórí odò náà, dé lónìí, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ló ń sọ, orí òkè tí yìnyín ti ń yọ́ wá sínú odò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti December, ẹ máa ṣí SNOTEL lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tí NRCS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan, fi ń wọn yìnyín lórí òkè, iye omi tó wà nínú yìnyín ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo bó ṣe ga tó, torí yìnyín tuntun lè ga dé orúnkún kí omi inú ẹ̀ má sì tó nǹkan. Ìbẹ̀rẹ̀ April ni omi inú yìnyín sábà máa ń pọ̀ jù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Tó bá ti ń yọ́, ó di orí géèjì nìyẹn, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi, fi ń wọn odò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń wọn odò ní ìṣẹ́jú 15-15. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, géèjì tó wà lókè dáàmù ni kẹ́ ẹ mú, torí tìsàlẹ̀ dáàmù, ohun táwọn tó ń darí ẹ̀ bá tú sílẹ̀ lẹ máa rí níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ńkọ́? Lọ́dún 2021 yìnyín ò burú tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ omi tó dé Powell kéré gan-an, ilẹ̀ tó ti gbẹ ló mu ún, ó dùn mí gan-an lọ́dún yẹn.

Tẹ́ ẹ bá wá dé orí adágún, ọjọ́ yìí kan náà lọ́dún tó kọjá ni kẹ́ ẹ fi wé.