Ẹ̀rọ Tó Sọ Ulé Bàbá Màmá Àgbà Di Olè

₦38,000 ló jáde lọ́wọ́ mi, ó ṣì ń dùn mí. Wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ni mo fi fóònù gba ohùn Màmá Àgbà sílẹ̀ ní Ìjerò-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí ìdílé wa ṣe tẹ̀dó. Mo fẹ́ kó di ìwé. Ilé iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀rọ àwọn tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ gbọ́ Yorùbá, mo sanwó. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ fi dé. Inú mi dùn títí mo fi kà á.

Màmá ní "ulé bàbá mi", bí Èkìtì ṣe ń pe ilé. Ẹ̀rọ kọ "ole baba mi". Ilé di olè! Kò sí àmì ohùn kankan. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, ogun sì wà nínú ìtàn náà, nítorí náà ọkọ, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ kò kúrò lẹ́nu wọn. "Oko" ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ létí ẹ̀rọ. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé níbi tí Màmá ti dákẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ dí àlàfo: "E seun, e seun, e seun." Ta ló dúpẹ́? Ikú àbúrò wọn ni wọ́n rántí tí wọ́n fi dákẹ́!

Mo wádìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Whisper, tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní 2022, fi ohùn wákàtí 680,000 kọ́ṣẹ́. Nínú rẹ̀, 117,000 ni wọ́n fi kọ́ ọ láti kọ èdè 96 tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Mélòó ló máa kan àgbà Èkìtì níbẹ̀?

Ni mo bá ki íyápíìsì bọ etí. Mo ń gbọ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo ń dá a dúró, èmi fúnra mi ń tún un sọ fún ẹ̀rọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gbọ́ tèmi! Mo fọwọ́ fi àmì sí i, mo dá "ulé" padà sáyè rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá, ojú ewé 64, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí gbogbo rẹ̀.

Ká ní mo mọ̀ ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ǹ bá fi dán an wò kí n tó sanwó. Ẹ má ṣe pa ohùn tí ẹ gbà rẹ́, kódà bí ìwé bá ti parí. Kí ẹ sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí ohùn ṣì wà létí yín. Mo sún ojú ewé mẹ́wàá di ọjọ́ kejì, àfi kí n tún gbogbo rẹ̀ gbọ́.

Mo ti ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún Màmá lórí fóònù. Wọ́n ní kí n tún ibi ulé bàbá àwọn kà.