Bí ẹ ṣe lè fi erùpẹ̀ pupa Kétu ṣe mémoire yín

Ẹ̀yin àbúrò mi láti Kétu tí ẹ wà nílé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Abomey-Calavi, tí ọdún ìkẹyìn ti dé bá, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń wá àkọlé mémoire, ìyẹn ìwé ìwádìí àṣekágbá, tó ń dún gbàmùgbàmù, tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò sì sí ní láàbù. Èmi ní tèmi, ọmọ mọlémọlé ni mí, erùpẹ̀ ilé ni mo bá lọ. Odi àtijọ́ tó wà lẹ́bàá Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, amọ̀ ni. Ìbéèrè tí mo gbé lọ bá ọ̀gá mi kò ju ìlà kan lọ: sìmẹ́ǹtì mélòó la máa fi kún erùpẹ̀ wa tí òjò kò fi ní fọ ògiri?

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí yàrá ìkàwé. Láti 1977 tí wọ́n ti dá EPAC, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ yín yìí, sílẹ̀ lórúkọ CPU (Collège Polytechnique Universitaire), ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ló ti jáde níbẹ̀. Ẹ ka ìparí mémoire wọn, níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí wọn kò rí ṣe. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà.

Bí ẹ bá délé, ẹ má bu erùpẹ̀ òkè. Gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì dì dáadáa. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó ìdajì mítà kí ẹ tó máa kó o sápò, kí ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti jíjìn kòtò sára àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ o. Bàbá àgbà tó ń wò yín lókèèrè lè rò pé nǹkan mìíràn lẹ wá rì mọ́lẹ̀.

Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn ló ń kọ́kọ́ sọ̀, amọ̀ ló ń pẹ́ jù. Ẹ wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, bíríkì á lanu bó bá ń gbẹ. Ẹ po iyanrìn mọ́ ọn.

Ẹ sá erùpẹ̀ sóòrùn, ẹ fi asẹ́ olójú mílímítà 5 sẹ́ ẹ. Ẹ ṣe bíríkì tí kò ní sìmẹ́ǹtì, kí ẹ ṣe èyí tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ ìdá 4, 6 àti 8 nínú 100. Orí òṣùwọ̀n ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe garawa. Omi gan-an ni wàhálà. Ẹ bu erùpẹ̀ tí ẹ ti fi omi pò, ẹ dì í bí òkèlè, ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti mítà kan àbọ̀ sórí ilẹ̀ líle. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, omi tó. Bó bá fọ́n ká, ó gbẹ jù. Bó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ, omi ti pọ̀ jù. Bàbá mi rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ lòun fi ń mọ̀ ọ́n láti kékeré. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí bí mo ṣe lè kọ ọwọ́ bàbá mi sínú tábìlì èsì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fi àpòpọ̀ náà tẹ bíríkì tán, ẹ fi ọ̀rá bò wọ́n níbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ 28. Ẹ fi ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ láàbù fọ́ ìdajì ní gbígbẹ, kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe lágbára tó. Ìdajì yòókù, ẹ rì wọ́n sómi fún wákàtí 24 ná. Ẹ má fojú di ti omi yìí, torí òun ni òjò. Èyí tí kò ní sìmẹ́ǹtì lè yọ́ kí ẹ tó gbé e dé ẹ̀rọ. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, èsì ni. Ẹ fọ́ ju ẹyọ kan lọ fún irú kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹyọ kan lè parọ́ fún yín.

Kíkọ rẹ̀ ní Faransé kò le bí nọ́ńbà bá ti wà nílẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ fi ìwé àkọsílẹ̀ yín sílẹ̀ ní láàbù, títí kan ojú ewé tí ẹrẹ̀ ti yí. Ẹ to díẹ̀ nínú bíríkì náà síta, níbi tí òjò ti lè pa wọ́n, kí ẹ fi ọ̀dà kọ ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ wọ́n sára wọn. Àbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò fọ́ wọn lẹ́yìn òjò ọdún méjì, nítorí mémoire olóṣù díẹ̀ kò lè dúró de irú èsì bẹ́ẹ̀.