Fífi Ooru Omi Tọ́jú Ojú Nílé: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Agbègbè Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ẹni tó bá ti fi gbogbo ọjọ́ já kòkó lákòókò ọyẹ́ mọ bí ojú ṣe máa ń rí nígbà tí a bá délé: eruku á ti bá òógùn pò, ọ̀rá ara á ti mú un lẹ̀ mọ́ awọ, ìpẹ́ funfun á sì ti máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ooru omi gbígbóná lè ran irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó máa ń mú ọ̀rá tó ti dì sínú ihò ara rọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí awọ tó ti kú tètè ṣí kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ń ṣí ihò ara sílẹ̀ bí ẹni ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ihò ara kò ní iṣan tí yóò fi ṣí tàbí tí yóò fi pa dé. Kì í wo irorẹ́ sàn, kì í sì í sọ aláwọ̀ dúdú di aláwọ̀ pupa. Bí a ṣe fọ ojú kí a tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí a fi pa á lẹ́yìn rẹ̀, ló ń pinnu bóyá awọ yóò dán tàbí yóò gbẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ti da aṣọ bò lórí ìkòkò àgbo nígbà tí ibà ń ṣe wá. Ẹ má ṣe tọ́jú ojú bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ ojú sórí ìkòkò tó ṣì wà lórí iná, ìbáà ṣe àdògán, sítóòfù tàbí gáàsì.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ tí kò ta ojú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú. Ẹ se nǹkan bíi lítà omi 1 títí yóò fi hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ dà á sínú abọ́ fífẹ̀ tó jókòó dáadáa lórí tábìlì tí kì í mì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 5. Ẹ wá na ẹ̀yìn ọwọ́ sókè abọ́ náà, ní ibi tí ojú yín yóò wà, kí ẹ ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá. Bí ó bá ta yín kí ẹ tó kà á tán, kò tíì yá. Bí ó bá rọrùn, ẹ di ojú, ẹ jẹ́ kí ojú jìnnà sí omi tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ẹ sì fi aṣọ ìnura bo orí láìdi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa, kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa wọlé. Ìṣẹ́jú 5 tó fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó yẹ kó kọjá 10. Nígbà tí omi bá ti ń kán tó, tó, tó láti àgbọ̀n yín sínú abọ́, tí awọ orí imú sì rọ̀ lábẹ́ ìka, ẹ dìde.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ojú, ẹ rọra fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ má nù ún gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀. Kí ọ̀rinrin tó gbẹ lójú ni kí ẹ ti fi òrí díẹ̀ pa á, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Odò-Ògbè tàbí Atakúmọ̀sà, nítorí bí ọ̀rinrin yẹn bá gbẹ lọ láìsí ohun tó dá a dúró, ojú yóò gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá nínú ọyẹ́. Ẹni tí irorẹ́ máa ń yọ lójú rẹ̀ ní láti lo ìpara tí ọ̀rá rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ má fi èékánná tẹ irorẹ́, torí àpá dúdú tó ń fi sílẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó lọ. Ẹ má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú: bí oòrùn bá pa á mọ́ ọn lára, ó ń jóni. Fífi ooru tọ́jú ojú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ewé ẹfinrin tàbí ewé tíì mélòó kan nínú omi kò burú fún òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n omi lásán ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má fi Róòbù sí i, yóò ta ojú.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fín oògùn sí kòkó, ẹ wẹ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ sún ìtọ́jú ojú yìí di ọjọ́ mìíràn, nítorí ooru máa ń jẹ́ kí oògùn tètè wọ ara. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ yan gàrí látàárọ̀, ooru ti tó yín; omi tútù àti òrí ni ojú yín ń béèrè. Ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹni tí awọ ojú rẹ̀ bó tàbí tó ní egbò, ẹni tó ń lo ìpara abóra, àti aboyún tí àbàwọ́n dúdú yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ewu rẹ̀ tó tóbi jù lọ ni ti ọmọdé. Mo ti rí ọmọ ọdún 3 kan ní Iléṣà tó fa etí aṣọ ìnura ìyá rẹ̀. Abọ́ dojú dé, omi sì dà sí i láyà. Ìyá náà sáré bu epo pupa lé e. Kò mọ̀ pé epo ń há ooru mọ́ ara ni. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó rin, ẹ jẹ́ kí omi tútù máa ṣàn sórí ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ má fi epo, ẹyin, ògì tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tàbí ẹ̀ka rẹ̀ ní Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tó bá sún mọ́ yín jù.